Kò Tíì Pẹ́ Jù: Ẹ̀kọ́ Lórí Kíkọ́ Dùùrù Ní Ọjọ́ Orí Yòówù

Ibi kíkà: 1 Kíróníkà 25:1-8, 1 Sámúẹ́lì 16:14-23, Sáàmù 33:1-3, Sáàmù 92:12-15

Ní ọdún 1992, nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbí ní Kàdúná, mo lọ bá ẹ̀gbọ́n tí ó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù fún ẹgbẹ́ wa lẹ́yìn ìpàdé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ kọ́ mi." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọn kò fi ibi sọ ọ́ rárá, wọ́n kàn ní, "Àbúrò mi, láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ó ti pẹ́ jù fún ẹ." Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà. Mo gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, mo sì gbà á gbọ́ fún ọdún 26.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n yìí parí ẹ̀kọ́ wọn tí wọ́n sì lọ ṣe àgùnbánirọ̀, a ká kíbọ́ọ̀dù sínú àpótí. Ìlù àti àtẹ́wọ́ ni a fi ń kọrin títí sáà náà fi parí. A pọ̀ nínú gbọ̀ngàn yẹn, orí wa sì pé, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan tí ó lè tẹ orin kan ṣoṣo. Kí ló fà á? Wọ́n ti sọ fún gbogbo wa pé ó ti pẹ́ jù. Bí ẹgbẹ́ yín náà bá ń wá ẹni tí yóò tẹ kíbọ́ọ̀dù ní gbogbo ìgbà tí àwọn ọmọ ọdún tó kẹ́yìn bá jáde, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Ìbéèrè ẹ̀kọ́ wa nìyí: ǹjẹ́ ọjọ́ orí kan wà tí kíkọ́ dùùrù ti kọjá ènìyàn? Ohun tí mo pè ní dùùrù ni píánò, ọ́gàànù àti kíbọ́ọ̀dù, nítorí bí a ṣe to bọ́tìnì funfun àti dúdú wọn kò yàtọ̀.

1. Ohun tí Bíbélì fi hàn wá

Ní 1 Kíróníkà 25, Dáfídì ya àwọn ọmọ Ásáfù, Hémánì àti Jédútúnì sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ orin. Ẹsẹ 7 sọ pé àwọn tí a kọ́ ní orin Olúwa jẹ́ 288. Ẹ kíyè sí i pé a kọ́ wọn ni. Orin kò já bọ́ láti ọ̀run sí wọn lọ́wọ́. Ẹsẹ 8 ni ó mú mi dúró. Nígbà tí wọ́n ṣẹ́ kèké láti pín iṣẹ́, ọmọdé àti àgbà ni wọ́n jọ ṣẹ́ ẹ, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ sì wà nínú kèké kan náà. A kò sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó lọ jókòó títí yóò fi di ọ̀gá. Àyè rẹ̀ wà nínú ilé Ọlọ́run nígbà tí ó ṣì ń kọ́ ọ.

Ẹ tún wo 1 Sámúẹ́lì 16. Ìgbà tí ẹ̀mí búburú ń dààmú Sọ́ọ̀lù ni wọ́n wá ẹni tí ó mọ dùùrù tẹ̀. Dáfídì ti kọ́ ọ kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè é. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ tí ọba ń ṣàìsàn ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ni ì bá ṣe? Ẹ̀kọ́ máa ń ṣáájú àìní. Sáàmù 33:3 sì ní kí a fi ìmọ̀ tẹ ohun èlò orin. Ìfẹ́ nìkan kò tó. A ní láti kọ́ ọ.

2. Àwọn tí ó ti ṣáájú wa

Láàrin àwa Yorùbá, ọ̀kan nínú àwọn bàbá orin ìjọ ni Thomas Ẹkúndayọ̀ Phillips. A bí i ní 1884. Ọdún 1911 ni ó tó lọ sí Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí ó ti pé ọmọ ọdún 27. Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò sọ pé ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti kúrò nílé ìwé. Nígbà tí ó padà dé ní 1914, ó di atẹdùùrù ìjọ Christ Church ní Èkó, tí a mọ̀ sí Kàtídírà lónìí, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà títí di 1962. Ọdún 48 ni!

Nínú ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀ ni ọmọ kan ti dàgbà, Fẹlá Ṣówándé, tí a bí ní 1905. Bàbá rẹ̀ tí ó jẹ́ àlùfáà ni ó kọ́kọ́ tọ́ ọ sọ́nà nínú orin, Phillips sì kọ́ ọ ní ọ́gàànù. Ṣówándé kò dáwọ́ ẹ̀kọ́ dúró. Ọdún 1943, nígbà tí ó ń sún mọ́ 40 ọdún, ni ó gba oyè Royal College of Organists ní Lọ́ńdọ̀nù. Inú kàtídírà yẹn náà ni Ayọ̀ Bánkọ́lé ti jáde, ẹni tí ó kọ ọ̀pọ̀ orin fún píánò àti ọ́gàànù kí ó tó kú ní 1976. Ẹ rí i bí ó ṣe ń lọ: ẹnì kan kọ́ ọ, ó sì kọ́ ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tí dùùrù ibẹ̀ kò fi wọ inú àpótí.

3. Èrè tí ó wà nínú rẹ̀

(a) Fún ọpọlọ. Bí o bá ń tẹ dùùrù, ojú ń ka ìwé, etí ń gbọ́, ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe tirẹ̀, ti òsì ń ṣe ohun mìíràn, lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọdún 2007, Jennifer Bugos àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n kọ́ àwọn àgbàlagbà ọmọ ọdún 60 sí 85 ní píánò fún oṣù 6. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn tí ó kọ́ píánò tẹ̀síwájú ju àwọn tí kò kọ́ ọ lọ nínú ìfọkànsí àti yíyára ronú. Èmi kò sọ pé dùùrù jẹ́ oògùn ìgbàgbé o. Ṣùgbọ́n bí ẹni ọdún 80 bá lè kọ́ ọ kí ó sì jèrè, kí ni ẹni ọdún 20 ń sá fún?

(b) Fún ọkàn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, ìjọba kéde kóńfíù wákàtí 24 ní Kàdúná. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wà níbí nígbà náà kò nílò àlàyé. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ dùùrù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn. Kò sí iná, mo fi bátìrì sí kíbọ́ọ̀dù kékeré tí mo rà ní tòkúnbọ̀, mo sì yí ohùn rẹ̀ wálẹ̀ kí ó má baà dé òde. Orin ìjọsìn kan ṣoṣo ni mo mọ̀, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni mo sì lè fi tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyàwó mi àti àwọn ọmọ jáde láti yàrá, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń kọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Ẹ̀rù kò kúrò pátápátá, ṣùgbọ́n a rí oorun sùn ní òru yẹn. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ Dáfídì àti Sọ́ọ̀lù ti yé mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

(d) Fún etí àti èdè wa. Àwọn ọmọ wa tí a bí sí Kàdúná ń sọ Hausa bí ẹni mumi, ṣùgbọ́n ohùn Yorùbá ń sọnù lẹ́nu wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ dò, re, mí lórí bọ́tìnì funfun mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé ara wọn. Re-re: ọkọ, tí ìyàwó ní. Re-mí: ọkọ́, tí a fi ń roko. Re-dò: ọkọ̀, tí a ń wọ̀. Dò-dò: ọ̀kọ̀, tí ọmọ ogun ń jù. Ọmọ tí ó bá fi ìka tẹ èyí kò ní ṣì í sọ mọ́. Ohun tí Phillips bá wí pẹ̀lú nìyí. Nígbà tí a fi ohùn orin òyìnbó kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá, orin a máa gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, ìtumọ̀ a sì dàrú. Ó kọ ìwé jáde ní 1953 lórí bí orin àti ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣe so mọ́ra. Bí ìwọ tí o ń kọ orin tuntun fún ẹgbẹ́ wa bá mọ dùùrù, wàá gbọ́ àṣìṣe náà kí ìjọ tó kọ ọ́.

(e) Fún ìwà. Ọmọ ọdún 22 ni ẹni tí ó kọ́ mi. Ọmọbìnrin mi ni mo máa ń mú lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní Barnawa lọ́jọ́ Sátidé, èmi a jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ògiri. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Dádì, ẹ̀yin náà ẹ wá jókòó." Èmi, ọmọ ọdún 46! Dádì ni ó ń pè mí, Tíṣà ni mo ń pè é, òun ni ó sì ń sọ fún mi pé, "Ẹ tún un ṣe, Dádì, ìka kẹta kọ́ nìyẹn." Ọmọ mi ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ìtìjú ọjọ́ yẹn ṣe mí láǹfààní ju ọ̀pọ̀ ìwàásù lórí ìrẹ̀lẹ̀ lọ.

4. Bí a ṣe lè bẹ̀rẹ̀

Má dúró de píánò ńlá tí ó ní bọ́tìnì 88. Kíbọ́ọ̀dù oníbọ́tìnì 61 tó ọ. Bí kò bá sí owó, tọrọ àyè lórí ti ẹgbẹ́ ní wákàtí kan kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Ya àwòrán àwọn bọ́tìnì sórí páálí, kí o máa fi kọ́ ìka rẹ ní yàrá.

Ogún ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ Sátidé lọ. Fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ ohùn orin tí o ti mọ̀ sórí ní key C, nítorí bọ́tìnì funfun ni gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kọ́ kọ́ọ̀dù mẹ́ta fún ọwọ́ òsì: C, F àti G. Mẹ́ta yìí yóò gbé ọ̀pọ̀ orin ìyìn àti orin ìwé. Má ṣe jẹ́ kí bọ́tìnì transpose sọ ọ́ di ọ̀lẹ. Bí C bá ti mọ́ ọ lọ́wọ́, lọ sí G, lẹ́yìn náà F. Ẹni tí ó bá mọ sol-fa láti inú ẹgbẹ́ akọrin ti rìn jìnnà tẹ́lẹ̀.

Èmi kò ní purọ́: ìka àgbà le. Ọmọbìnrin mi ti kọjá mi láàrin oṣù mẹ́rin. Ṣùgbọ́n àgbà mọ ohun tí ó ń wá, ó sì mọ bí a ti ń ní sùúrù.

5. Ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ ọ́n

Ẹ̀yin atẹdùùrù wa, ẹ má ṣe jáde síta nígbà ìwàásù. Ẹ̀yin náà nílò ọ̀rọ̀ náà. Kí ẹ sì tó jáde nílé ìwé, ẹ kọ́ ẹni méjì, ó kéré tán. Bí àbúrò kan bá wá bá yín lẹ́yìn ìpàdé, ẹ ṣọ́ ohun tí ẹ ó fi dá a lóhùn. Gbólóhùn kan lè ti ilẹ̀kùn fún ọdún 26.

Ní ọdún 2019, a ṣe ìpàdé àwa àgbà ọmọ ẹgbẹ́ pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ibà dá ọmọ tí ó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù dúbúlẹ̀. Wọ́n fẹ́ ká a sínú àpótí nígbà tí mo dìde. Orin kan ni mo tẹ̀, ní key C. Mo ṣì í lẹ́ẹ̀mejì, ìjọ kò sì dákẹ́ orin. Lẹ́yìn ìpàdé, ọmọkùnrin kan tọ̀ mí wá. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, mo ti lé ní ogún ọdún. Ṣé kò tíì pẹ́ jù?" Mo fà á ní àga.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Nínú 1 Kíróníkà 25:8, kí ni ìdí tí a fi fi olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ sínú kèké kan náà?
2. Kí ni ohun tí ẹnì kan sọ fún ọ pé ó ti pẹ́ jù, tí o ṣì ń gbà gbọ́?
3. Mélòó ni ó lè tẹ kíbọ́ọ̀dù nínú ẹgbẹ́ wa báyìí? Ta ni wọ́n ń kọ́?

Àdúrà: Olúwa, ìwọ tí o ń mú kí àwọn tìrẹ máa so èso ní ọjọ́ ogbó, gba ìtìjú kúrò lára wa, fún wa ní sùúrù láti kọ́ ẹ̀kọ́, àti ọkàn láti kọ́ ẹlòmíràn. Ní orúkọ Jésù. Àmín.