Ẹ Ṣọ́ra fún Eégbọn Inú Koríko

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹni tí ó bá ń lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Ìlú Ọba, kí ó gbọ́ èyí. Èmi àti baálé mi lo ìsinmi ní New Forest, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ẹṣin, màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ti ń jẹ̀ kiri láìso. Ẹ má ṣe sún mọ́ wọn. Wọ́n lè ta ènìyàn nípàá, wọ́n sì lè gé e jẹ.

Ṣùgbọ́n eégbọn inú koríko ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù, nítorí òmíràn a máa gbé àrùn Lyme. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn. Bí ẹ bá délé, ẹ yẹ ara yín wò. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ yín, ẹ fi ẹ̀mú kékeré mú un níbi tí ó ti kan awọ, kí ẹ fà á jáde tààrà. Ẹ má ṣe fi iná jó o.

Àmì àrùn náà ni òbìrìkìtì tí ń gbòòrò lára, láàárín ọ̀sẹ̀ 1 sí 4 nígbà púpọ̀. Kì í tètè hàn lára àwa aláwọ̀ dúdú. Nítorí náà, bí ibà bá dé, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ rin igbó. Bí a bá tètè lo oògùn, ó ń san.