Àfikún Owó Àwọn Nọ́ọ̀sì

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ló ń náwó sí ilé ìwòsàn gbogboogbò. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, àwọn nọ́ọ̀sì daṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní ọjà ti wọ́n, owó oṣù kò ká a mọ́. Ní ọdún 2023, ìjọba fi pọ́n-ùn 5 kún pọ́n-ùn 100 kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ nọ́ọ̀sì tó tóbi jù kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yòókù gbà á. Láti oṣù Kẹrin ọdún náà ni wọ́n ti ka àfikún yìí. Nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tó ń gba pọ́n-ùn 27,055 lọ́dún, bọ́ sí 28,407.

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ wákàtí 37 àti ààbọ̀. Gbogbo nọ́ọ̀sì kọ́ ló ń ṣe é pé. Òmíràn ń tọ́ ọmọ ọwọ́, òmíràn ń tọ́jú ìyá arúgbó. Ìdajì iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ ló ń ṣe. Ǹjẹ́ àfikún kàn án? Ó kàn án.

Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí. Alágbàṣe kan kọ ebè 200, èkejì kọ 100. Bí olóko bá fi owó kún owó ebè kọ̀ọ̀kan, àwọn méjèèjì ni yóò jẹ níbẹ̀. Ti ẹni àkọ́kọ́ yóò pọ̀ jù, ṣùgbọ́n a kò rẹ́ èkejì jẹ. Owó ebè kan dọ́gba.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti nọ́ọ̀sì. Ẹni tó ṣiṣẹ́ pé gba àfikún pọ́n-ùn 1,352 lọ́dún. Ẹni tó ṣe ìdajì gba 676. Owó wákàtí kan dọ́gba. Láti ọdún 2000 ni òfin ibẹ̀ ti sọ pé kí a má ṣe fi ìyà jẹ òṣìṣẹ́ nítorí pé kò ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ pé.

Ẹ̀yin ará, ẹni tí kò lè ka ìwé owó oṣù rẹ̀, iye tí wọ́n bá kà fún un ni yóò gbà. Bí owó yín bá lé, ẹ wo nǹkan mẹ́ta nínú ìwé náà: iye wákàtí tí ẹ ṣe, owó wákàtí kan, àti oṣù tí àfikún bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá pé, ẹ mú ìwé náà lọ́wọ́, kí ẹ lọ béèrè.

Ìbéèrè
1. Kí ló dé tí àwọn nọ́ọ̀sì fi daṣẹ́ sílẹ̀?
2. Kí ni nǹkan mẹ́ta tó yẹ ká wò nínú ìwé owó oṣù?
3. Nọ́ọ̀sì kan ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 3 nínú ọjọ́ 5. Bí àfikún ẹni tó ṣiṣẹ́ pé bá jẹ́ pọ́n-ùn 1,000, èló ni tirẹ̀?