Orí Keje: Ọmọ Tó Ń Gbá Bọ́ọ̀lù Alápẹ̀rẹ̀ àti Ọ̀nà Yunifásítì

Katako wà ní Jos, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Laranto. Ọjà pákó àti ohun èlò ìkọ́lé ni wọ́n fi mọ ibẹ̀. Hausa ń tà, Yorùbá ń tà, Ìgbò ń tà, àwọn ọmọ onílùú náà ń tà. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti parí lọ́sàn-án, àwọn ọmọ á wá ran òbí wọn lọ́wọ́ ní ìsọ̀. Nígbà mìíràn, ẹ ó rí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan láàárín wọn tó ti ga ju bàbá rẹ̀ lọ. Wọ́n á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kó wá bá àwọn gbé pákó tó wà lókè pátápátá. Ṣùgbọ́n gíga yẹn lè mú un dé yunifásítì, bí ó bá mọ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ gbá, tí ìwé rẹ̀ sì pé.

Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ni èyí tí a ń fi ọwọ́ gbá. Èèyàn márùn-ún ló ń gbá a ní apá kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ju bọ́ọ̀lù gba inú òrùka irin tó wà lókè ló jẹ àmì. Òrùka náà fi ẹsẹ̀ bàtà 10 ga kúrò nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá ọmọ gíga.

Kí ló dé tí wọn kì í rí àwọn ọmọ wa?

Ní Amẹ́ríkà, kóòṣì yunifásítì àti àwọn igbákejì rẹ̀ máa ń rìnrìn àjò lọ wo ìdíje àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì. Awáléré ni a ó máa pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú orí yìí. Bí awáléré bá rí ọmọ tó wù ú, yóò bá òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀. Yunifásítì lè fún ọmọ náà ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́: owó ilé ẹ̀kọ́, ibùgbé, oúnjẹ àti ìwé. Ọmọ náà yóò máa gbá bọ́ọ̀lù fún ilé ẹ̀kọ́ náà, yóò sì máa kàwé lọ.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ìdíje kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí Milo ń ṣonígbọ̀wọ́ rẹ̀ fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì ló lókìkí jù. Ìpínlẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ilé ẹ̀kọ́ ọmọ kan bá fìdí rẹmi ní ìpele yìí, ó di ọdún tó ń bọ̀ kí àlejò kan tó tún rí i. Nígbà tí àwọn awáléré bá sì wá sí Nàìjíríà, Èkó àti Àbújá ni wọ́n sábà máa ń dé sí. Ọmọ Jos tí kò ní owó ọkọ̀ kò lè bá wọn níbẹ̀.

Àwọn tí wọ́n rí

Hakeem Olajuwon ni ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ jù. Èkó ni wọ́n ti bí i ní 1963. Símẹ́ńtì ni àwọn òbí rẹ̀ ń tà. Ó ń ṣọ́ ilé nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ó sì tún ń gbá bọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ (handball). Ó ti di géńdé kó tó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́. Kóòṣì ará Amẹ́ríkà kan tó rí i ló sọ nípa rẹ̀ fún kóòṣì Yunifásítì Houston. Ní 1980, Olajuwon gúnlẹ̀ sí Houston. Ẹnikẹ́ni kò wá pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. Wọ́n ní kó wọ takisí wá. Ọdún 1984 ni ó di ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn nínú gbogbo eléré tuntun tó wọ NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tó ga jù ní Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ rẹ̀, Houston Rockets, gba ife ẹ̀yẹ ní 1994 àti 1995.

Masai Ujiri dàgbà ní Zaria. Kì í ṣe yunifásítì ńlá ló kọ́kọ́ gbà á. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì kan ní North Dakota ló lọ, kó tó bọ́ sí yunifásítì kan ní Montana. Kò di ìlúmọ̀ọ́ká nídìí gbígbá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ó di awáléré. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀fẹ́ ló ń ṣe iṣẹ́ náà fún ẹgbẹ́ Orlando Magic. Ní 2003, ó dá Giants of Africa sílẹ̀, ètò tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà ní bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Ní 2019, òun ni olórí ìṣàkóso Toronto Raptors nígbà tí ẹgbẹ́ náà gba ife NBA. Pascal Siakam, ọmọ Kamẹrúùnù tí wọ́n rán lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn tó fẹ́ di àlùfáà, wà nínú ẹgbẹ́ yẹn. Ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bọ́ọ̀lù ni wọ́n ti rí òun náà.

Jos pẹ̀lú kò gbẹ́yìn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Chukwudiebere Maduabum ní 1991. Ní 2011, òun ni ẹni 56 tí wọ́n yàn láti wọ NBA.

Ohun tí yunifásítì ń béèrè

Gíga ló ń mú kí awáléré dúró wo ọmọ. Ìwé ló ń mú kí yunifásítì gbà á. Ọ̀pọ̀ òbí ni kò mọ èyí. Wọ́n á jẹ́ kí ọmọ pa ìwé tì nítorí bọ́ọ̀lù, wọn kò sì mọ̀ pé ilẹ̀kùn ni wọ́n ń tì mọ́ ọn.

NCAA ni àjọ tó ń darí eré ìdárayá ní ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà. Ó pín wọn sí ìpele mẹ́ta. Ìpele kìíní àti ìkejì lè fún eléré ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nítorí eré. Ìpele kẹta kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì náà wà, irú èyí tí Ujiri lọ. Ọmọ tí kò bá rí ìpele kìíní lè gba ibẹ̀ kọjá.

Ọmọ tó ń lọ sí ìpele kìíní gbọ́dọ̀ ti ṣe àwọn iṣẹ́ pàtàkì nílé ẹ̀kọ́: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Sáyẹ́ǹsì àti irú wọn. Èsì WAEC tàbí NECO ni ọmọ Nàìjíríà yóò fi hàn. Nítorí náà, kí ọmọ tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù má ṣe fi kíláàsì Ìṣirò sílẹ̀ lọ sí pápá.

Lẹ́yìn ìwé, fídíò ló kàn. Fóònù lásán tó fún un. Kí ẹnì kan dúró sí ibi gíga, kó ya ìdíje láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn kóòṣì fẹ́ rí bí ọmọ ṣe ń ṣe nígbà tí bọ́ọ̀lù kò sí lọ́wọ́ rẹ̀: ṣé ó ń sáré padà, ṣé ó ń ran ẹnìkejì lọ́wọ́? Kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, gíga rẹ̀ àti nọ́ḿbà ẹ̀wù rẹ̀ sí i.

Ẹ ṣọ́ra fún gbájúẹ̀

Àwọn kan á wá, wọ́n á ní èjẹ́ńtì ni àwọn. Wọ́n á ní kí ẹ mú owó wá kí yunifásítì tó lè gba ọmọ yín. Ẹ má ṣe san án. Kóòṣì tó fẹ́ ọmọ kì í gba owó lọ́wọ́ òbí rẹ̀. Yunifásítì fúnra rẹ̀ ló ń fi ìwé I-20 ránṣẹ́, èyí tí ọmọ yóò fi wá físà akẹ́kọ̀ọ́. Bí ẹni náà kò bá dá yín lójú, ẹ ní kí olùkọ́ ọmọ yín kọ̀wé sí yunifásítì náà, kó béèrè bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n.

Òfin físà pẹ̀lú máa ń yí padà. Ní oṣù Kejìlá 2025, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé òun yóò dá físà akẹ́kọ̀ọ́ tuntun dúró fún ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà láti oṣù Kìíní 2026. Ẹni tó bá ní òun lè bá yín yí i ká, irọ́ ló ń pa.

Bákan náà, ẹ má ṣe dín ọjọ́ orí ọmọ kù. Bí àṣírí bá tú, wọ́n lè lé e kúrò nílé ẹ̀kọ́.

Ọ̀nà wà nílé pẹ̀lú

Kì í ṣe Amẹ́ríkà nìkan ni yunifásítì wà. Láti 1966 ni àwọn yunifásítì Nàìjíríà ti ń bá ara wọn díje ní NUGA, bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Yunifásítì Jos ló gbà á lálejò ní 2025. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ Plateau Peaks náà wà ní ìpínlẹ̀ wa. Ọmọ tó ń kàwé ní Jos lè máa gbá bọ́ọ̀lù níbí.

Àwọn ọmọbìnrin ńkọ́? Àwọn ni ó tún ṣe dáadáa jù. D'Tigress, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Nàìjíríà, gba ife Áfíríkà ní 2017, 2019, 2021, 2023 àti 2025. Ní Paris ní 2024, wọ́n di ẹgbẹ́ Áfíríkà àkọ́kọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó wọ ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ Olympics. Bí ọmọbìnrin yín bá ga, ẹ má ṣe ní kó tẹ̀ ba.

Ìbéèrè

1. Kí ló mú kó ṣòro fún awáléré láti rí ọmọ Jos?
2. Irú kọ́lẹ́ẹ̀jì wo ni Masai Ujiri kọ́kọ́ lọ?
3. Kí ló yẹ kí a ṣe bí èjẹ́ńtì bá béèrè owó?

Iṣẹ́ ilé

Ẹ mú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ìbí ọmọ yín jáde lálẹ́ òní. Ẹ wò ó bóyá orúkọ àti ọjọ́ tó wà níbẹ̀ bá ti ilé ẹ̀kọ́ mu. Bí wọn kò bá bára mu, ẹ lọ tún un ṣe kí ọmọ náà tó forúkọ sílẹ̀ fún WAEC. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá, orí ìwé ni ọ̀ràn wọn ti ń bàjẹ́.