Ọmọ Tí Kì í Wojú Ẹni àti Ọ̀dọ́ Tí Iyè Rẹ̀ Dàrú



Ẹ̀yin òbí wa ní Odòde àti ní gbogbo Ìdànrè, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ọmọ méjì bẹ̀rẹ̀. Èkíní ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta, kò tíì sọ̀rọ̀. Kì í wojú ẹni, bí a pe orúkọ rẹ̀ kì í dáhùn, ìdérí ìkòkò kan ṣoṣo ni yóò máa yí láti àárọ̀ dalẹ́. Èkejì jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tí orí rẹ̀ pé tẹ́lẹ̀. Ó yẹra fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, kì í sùn mọ́, ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ó sì ní àwọn ará ilé fẹ́ fi májèlé sí oúnjẹ òun. Gbólóhùn kan náà ni àwọn ènìyàn máa ń sọ fún ìyá àwọn méjèèjì: “Àlùjànnú ni.”

Ti ọmọ àkọ́kọ́ jọ ohun tí àwọn dókítà ń pè ní ọ́tíísìmù. Láti kékeré ni ọpọlọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti ń gba ọ̀nà tirẹ̀ dàgbà, àmì rẹ̀ a sì sábà hàn kí ó tó pé ọdún mẹ́ta. Ti èkejì jọ ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn tí ń da iyè rú, tí òyìnbó ń pè ní psychosis. Èyí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà ọ̀dọ́, igbó mímu sì ń fi kún ewu rẹ̀.

Àwọn dókítà pàápàá ti da méjèèjì pọ̀ rí. Eugen Bleuler, dókítà ará Switzerland, ló dá ọ̀rọ̀ náà autism sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1911, àwọn àgbàlagbà tí iyè wọn dàrú ló sì lò ó fún. Ní 1943, Leo Kanner kọ̀wé ní Amẹ́ríkà nípa àwọn ọmọdé 11 kan. Síbẹ̀, ọdún 1980 ni ìwé àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ya ọ́tíísìmù sọ́tọ̀ pátápátá.

Lónìí, ẹ̀rọ MRI ń ya àwòrán ọpọlọ láìla orí. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fi ọpọlọ àwọn tó ní ọ́tíísìmù wé ti àwọn tí iyè wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàrú, wọ́n rí àwọn ìyàtọ̀ kan tó bá ara wọn mu. Díẹ̀ nínú wọn wà níbi tí a fi ń mọ ojú ènìyàn àti ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣì mí gbọ́: àìsàn kan náà kọ́ ni. Ìyàtọ̀ náà kéré, kò sì hàn lára gbogbo wọn. Kò sí dókítà tó lè fi àwòrán nìkan sọ èyí tó ń ṣe ọmọ.

Kí ni èyí wúlò fún? Àkọ́kọ́, ẹ̀bi ìyá kọ́, abẹ́rẹ́ àjẹsára kọ́ ló sì fa ọ́tíísìmù. Èkejì, àìsàn tí ń da iyè rú máa ń ṣe àwọn tó ní ọ́tíísìmù ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Nítorí náà, bí ọ̀dọ́ tó ti ní ọ́tíísìmù láti kékeré bá ṣàdédé yí padà, tí kò jẹun, tí kò sùn, tí ẹ̀rù ohun tí a kò rí ń bà á, ẹ má sọ pé “bó ṣe wà láti ilẹ̀ náà nìyẹn.” Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Àdúà dára, rukyah náà dára. Ṣùgbọ́n Ànábì wa (ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kó máa bá a) kọ́ wa pé Allāh kò sọ àrùn kan kalẹ̀ láìsọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀, ó sì pàṣẹ pé ká wá ìtọ́jú. Ní Kairo, Sultan Qalawun kọ́ ilé ìwòsàn ńlá ní 1284, wọ́n sì ń tọ́jú àwọn tí iyè wọn dàrú níbẹ̀. Níhìn-ín nílẹ̀ wa, ní 1954 ni Dókítà Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú irú wọn ní Aro, Abẹ́òkúta. Nígbà náà, àwọn aláìsàn ń gbé láàárín àwọn ará abúlé, ẹbí wọn wà pẹ̀lú wọn, láìsí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní 2019, ọlọ́pàá tú àwọn ènìyàn tó lé ní 250 sílẹ̀ ní Ìbàdàn, nínú ilé tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀sìn wa pè. Ìtìjú gbogbo wa ni. Ẹni tí Allāh gbé kálámù kúrò lórí rẹ̀ títí iyè rẹ̀ yóò fi padà, ta ni àwa tí a ó fi ẹgba jẹ ẹ́ níyà?

Ohun tí a ó ṣe nìyí:

1. Bí ọmọ ọdún kan ààbọ̀ kì í wojú ẹni, tí kì í nawọ́ sí nǹkan, tí kì í sì dáhùn sí orúkọ rẹ̀, ẹ fi han dókítà ọmọdé. Ẹ ní kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò pẹ̀lú.
2. Bí ìwà ọ̀dọ́ bá yí padà lójijì, ẹ má dúró dìgbà tí yóò wọ ọjà. Ilé ìwòsàn ọpọlọ wà ní Àkúrẹ́, kò jìnnà sí wa. Ìtọ́jú tó yá ló ń so èso rere.
3. Ẹ má dá oògùn dúró láìbi dókítà, kódà bí ara ti yá.
4. Ẹ̀yin àáfà wa, bí wọ́n bá gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá, ẹ ṣàdúà fún un, kí ẹ sì darí àwọn òbí rẹ̀ sí ilé ìwòsàn.

Kí Allāh fún àwọn ọmọ wa ní àlàáfíà, kí Ó sì fún àwa òbí wọn ní sùúrù. Āmīn.