Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Ẹṣin Tí Ìyà Jẹ, àti Bí Ó Ṣe Ń Padà Bọ̀ Sípò

Gbogbo wa ni a mọ ẹṣin. Bí a bá lọ wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, a ó rí bí wọ́n ṣe ń gun ẹṣin wá kí ọba. Wọ́n á ti di gàárì mọ́ ọn lẹ́yìn, wọ́n á ti fi ìjánu sí i lẹ́nu, ara rẹ̀ á sì máa dán.

Ẹṣin tí a fẹ́ kà nípa rẹ̀ lónìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti rù tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè ka egungun ìhà rẹ̀. Pátákò rẹ̀ ti gùn jù. Bí ó bá rí ènìyàn, ń ṣe ni ó ń gbọ̀n. Bí a bá gba irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó fi ìyà jẹ ẹ́, kí ni a ó ṣe tí yóò fi tún di ẹṣin gidi, tí ẹlòmíràn yóò fi lè gbà á sílé?

Àwọn àgbà ní: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, ẹ ó rí i pé òwe náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

1. Àwọn tí ń gba ẹṣin sílẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí iṣẹ́ yìí ti pẹ́. Ní 1911, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Ada Cole wà ní èbúté Antwerp ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Ó rí àwọn ẹṣin tí wọ́n ti fi ṣiṣẹ́ ní ìlú rẹ̀ títí wọ́n fi gbó. Wọ́n ń kó wọn bọ́ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì ń dà wọ́n lọ sí ibi tí wọn yóò ti pa wọ́n. Àánú ṣe é. Ní 1927 ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti bá àṣà náà jà. Ẹgbẹ́ náà ni a ń pè ní World Horse Welfare lónìí. Wọ́n ní oko kan ní Snetterton, ní agbègbè Norfolk. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́jú ẹṣin tí ìyà ti jẹ, kí wọ́n tó fà á lé olùtọ́jú tuntun lọ́wọ́.

Òfin náà wà lẹ́yìn iṣẹ́ yìí. Òfin ọdún 2006 sọ pé ẹni tí ó bá ní ẹranko gbọ́dọ̀ fún un ní oúnjẹ, omi, ibùgbé àti ìtọ́jú. Bí dókítà ẹran bá jẹ́rìí pé ẹranko ń jìyà, ọlọ́pàá lè gbà á. Láti 2021, ẹni tí ó bá hùwà ìkà sí ẹranko lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 5 jura.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2008, lórí oko kan lẹ́bàá ìlú Amersham, wọ́n bá ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí ó lé ní 100 nínú ebi àti ẹ̀gbin. Òkú tí ó wà láàrin wọn lé ní 30. Àwọn ẹgbẹ́ aláàánú pín àwọn tí ó ṣì wà láàyè láàrin ara wọn, kálukú sì kó tirẹ̀ lọ tọ́jú.

2. Ojú nìkan kò tó, ọwọ́ ni a fi ń wò ó

Bí ẹṣin bá dé, wọ́n á kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí àrùn má baà ran àwọn tí wọ́n bá nílé. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò wo bí ó ṣe rù tó. Ojú nìkan kò tó o. Ní ìgbà òtútù, irun ẹṣin a máa gùn, a sì máa bo egungun mọ́lẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń wò ó.

Ní 1983, Ọ̀gbẹ́ni Don Henneke ti Yunifásítì Texas A&M ní Amẹ́ríkà ṣe ètò kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò títí di òní. Ètò náà bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 9. Ẹṣin tí ó jẹ́ 1 ti rù kan egungun. Èyí tí ó jẹ́ 9 ti sanra jù. Ibi mẹ́fà ni a ó fọwọ́ kàn lára rẹ̀: ọrùn, òkè èjìká, ẹ̀yìn èjìká, ìhà, ẹ̀yìn, àti ìdí ìrù. Ẹṣin tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá jẹ́ 5. A kò ní rí egungun ìhà rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá fọwọ́ pa á, ọwọ́ wa yóò bà á.

3. Oúnjẹ lè pa ẹṣin tí ebi ń pa

Ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Ẹni tí ó bá rí ẹṣin tí ebi ti sọ di egungun, ohun tí yóò wù ú ni pé kí ó bu ọkà kún agbada fún un. Àánú ni ó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n láàrin ọjọ́ 3 sí 5, ẹṣin náà lè ṣubú kú. Ẹ ò rí nǹkan! Ebi kò rí i pa, oúnjẹ ni ó pa á.

Kí ni ó fà á? Nígbà tí kò bá sí oúnjẹ, ara a máa jẹ ara rẹ̀. Ọ̀rá ni ó kọ́kọ́ ń jẹ. Bí ọ̀rá bá tán, a kan ẹran ara, títí kan ẹran ọkàn pàápàá. Nígbà tí ọkà púpọ̀ bá wá wọlé lójijì, ṣúgà inú ọkà a kún inú ẹ̀jẹ̀. Ara a tú ohun kan tí ń jẹ́ ínsúlínì jáde, kí ó lè kó ṣúgà náà wọ inú ẹran ara. Bí ṣúgà ti ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn èròjà kan, bí i phosphorus àti magnesium, ń bá a lọ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn èròjà yìí kéré, ṣùgbọ́n láìsí wọn ọkàn kò lè lù dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni èémí kò lè já gaara.

Ènìyàn náà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1945, nígbà tí ogun parí ní Yúróòpù, wọ́n tú àwọn tí ebi ti pa fún ìgbà pípẹ́ sílẹ̀ ní àgọ́ ìfìyàjẹni. Àwọn kan jẹun yó lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì kú.

Kí ni ṣíṣe? Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì California, ní ìlú Davis, dán oríṣiríṣi oúnjẹ wò fún ẹṣin tí ó ti rù. Wọ́n rí i pé koríko kan tí ń jẹ́ alfalfa ni ó dára jù. Ìbátan ẹ̀wà àti ẹ̀pà ni. Wọ́n máa ń sá a gbẹ. Ṣúgà inú rẹ̀ kò pọ̀, àwọn èròjà tí a dárúkọ lókè sì wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ní kí a máa fún ẹṣin nìyí:

Ọjọ́ 1 sí 3: bí ìlàjì kílò ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, tọ̀sán-tòru. Ìgbà 6 ni lóòjọ́.

Ọjọ́ 4 sí 10: a ó máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, a ó sì máa dín iye ìgbà kù. Nígbà tí yóò bá fi di ọjọ́ 6, yóò ti tó bí kílò 2 ní wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ 10: kí ó máa jẹ ẹ́ tẹ́rùn, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́.

Omi mímọ́ gbọ́dọ̀ wà níwájú rẹ̀ nígbà gbogbo. Dókítà ẹran gbọ́dọ̀ máa wò ó. Ó lè tó oṣù 3 sí 5 kí ara rẹ̀ tó padà sí bí ó ti yẹ.

Ẹ ronú wo ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ yìí. Yóò jí ní òru, yóò gbé koríko díẹ̀ wá. Kíá, ẹṣin ti jẹ ẹ́ tán. Yóò gbójú sókè, yóò máa wò ó, bí ẹni ń sọ pé, “Ó kù ńkọ́?” Ẹni náà yóò kẹ̀yìn sí i, yóò lọ sùn. Ó ṣòro o! Ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an ni àánú.

4. Pátákò, eyín àti aràn

Pátákò ẹṣin dà bí èékánná wa. Ó ń hù tó bí sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù. Bí a kò bá gé e, a máa ká, ẹṣin kò sì ní lè rìn dáadáa. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ pátákò a máa gé e ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Èyí tí ó bá ti gùn jù, kì í gé e tán lọ́jọ́ kan, nítorí iṣan ẹsẹ̀ ti mọ́ ọn lára. Díẹ̀díẹ̀ náà ni.

Eyín ẹṣin ń yọ síwájú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Etí rẹ̀ a máa mú, a sì máa gé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ nínú. Dókítà a fi fáìlì rẹ́ ẹ. Ní ti aràn inú, dókítà ni yóò sọ ìgbà tí ara ẹṣin lè gba oògùn. Bí aràn púpọ̀ bá kú lẹ́ẹ̀kan náà nínú ẹṣin tí kò lókun, ó lè di wàhálà mìíràn.

5. Kíkọ́ ẹṣin tí ń bẹ̀rù

Ara ti ń yá. Ọkàn rẹ̀ ńkọ́? Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ẹṣin jẹ́ ẹran tí kìnnìún àti ìkookò ń dọdẹ. Sísá ni ààbò rẹ̀. Ojú rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ orí, ó sì fi ń rí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ibi tí ó yí i ká. Ibi méjì ni kò rí: iwájú orí rẹ̀ gan-an, àti ẹ̀yìn ìdí rẹ̀ gan-an. Ẹni tí ó bá yọ́ bá a láti ẹ̀yìn, ẹṣin lè ta á nípàá.

Nítorí náà, apá èjìká ni a ń gbà lọ bá a. A ó máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kí ó lè mọ̀ pé a ń bọ̀. A kì í tẹjú mọ́ ọn. Bí ó bá gbé orí sókè tí ara rẹ̀ le, a ó dúró. Bí ó bá fẹ́ sá, a ó fà sẹ́yìn díẹ̀. Lọ́jọ́ tí ó bá gbà, a ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, a ó sì yára mú ọwọ́ kúrò kí ó tó sá. Lọ́la, a ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. A tún lè fi í sáàrin ẹṣin tí kò bẹ̀rù ènìyàn. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré.

Lẹ́yìn èyí ni okùn orí. Ẹ gbọ́ àṣírí okùn. A ó fà á díẹ̀. Bí ẹṣin bá ti gbé ẹsẹ̀ kan síwájú báyìí, lójú ẹsẹ̀ ni kí a dẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe fífà ni ó ń kọ́ ẹṣin lẹ́kọ̀ọ́, dídẹ̀ ni. Bí ó bá ti gbọ́ràn tí a ṣì ń fà, kò ní mọ ohun tí a ń fẹ́. Bí ó bá sì ń jà tí a wá dẹ okùn, ìjà ni a kọ́ ọ.

Ìṣẹ́jú 10 sí 15 ti tó lẹ́ẹ̀kan. Yóò kọ́ bí a ti ń tẹ̀ lé ènìyàn, bí a ti ń dúró, bí a ti ń gbé ẹsẹ̀ sókè fún ẹni tí ń gé pátákò, àti bí a ti ń wọ ọkọ̀. Gàárì ni ìgbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí ara bá ti padà bọ̀ sípò. Àwọn kan wà tí kò ní ṣeé gùn mọ́ láéláé. Àwọn yẹn náà wúlò. Ẹṣin kì í fẹ́ dá gbé, nítorí náà wọ́n a máa di ẹnìkejì fún ẹṣin mìíràn.

6. Ta ni a ó fà á lé lọ́wọ́?

Ẹṣin lè lo ọdún 25 sí 30 láyé. Ẹni tí ó fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀, owó, àkókò àti ìmọ̀. Ẹgbẹ́ tí Ada Cole dá sílẹ̀ kì í ta ẹṣin náà fún un. Wọ́n á fà á lé e lọ́wọ́ kí ó máa tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n ti ẹgbẹ́ ni ẹṣin náà títí ayé rẹ̀. Wọ́n á máa lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Bí nǹkan bá yí padà fún olùtọ́jú, ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ni ẹṣin yóò padà sí, kì í ṣe ọjà.

Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ àléébù ẹṣin náà fún olùtọ́jú kí ó tó mú un lọ. Bí ó bá ń bẹ̀rù okùn, kí wọ́n wí. Bí ẹsẹ̀ bá ń dùn ún, kí wọ́n wí. Ẹṣin tí a bá fi irọ́ fúnni, kò ní pẹ́ tí yóò tún fi bọ́ sínú ìyà.

7. Kí ni a rí kọ́?

Bóyá a kò ní ẹṣin nílé. Ṣùgbọ́n a ní ewúrẹ́, a ní ajá, a ní ọmọ. Ẹran tí ebi ti pa, díẹ̀díẹ̀ ni kí a máa bọ́ ọ. Ọmọ tí ebi ti mú rù kan egungun, ẹ má ṣe ki oúnjẹ bọ̀ ọ́ lẹ́nu ní tipátipá. Ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Díẹ̀díẹ̀ náà ni wọn yóò fi bọ́ ọ níbẹ̀, kí ẹ má rò pé wọ́n ń fi oúnjẹ dù ú. Ẹni tí ó bá ń ṣàánú láìní sùúrù lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ohun tí ó fẹ́ gbà là.

Ìbéèrè

1. Kí ni Ada Cole rí ní Antwerp ní 1911?
2. Kí ló dé tí ojú nìkan kò fi tó láti mọ bí ẹṣin ṣe rù tó?
3. Báwo ni oúnjẹ ṣe lè pa ẹṣin tí ebi ń pa?
4. Ibo ni ẹṣin kò lè rí? Ọ̀nà wo ni ó yẹ kí a gbà lọ bá a?
5. Ìgbà wo ni ó yẹ kí a dẹ okùn?

Ẹ ka àwọn ọ̀rọ̀ yìí sókè, kí ẹ sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ gbólóhùn kan: gàárì, ìjánu, pátákò, alfalfa, sùúrù, olùtọ́jú.