Ẹ̀kọ́ Lára Tata àti Èèrà

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí, ní ọdún 1934 ni ilé iṣẹ́ Walt Disney ní Amẹ́ríkà gbé sinimá kékeré kan jáde, èyí tí Wilfred Jackson darí. Bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré ni. Àwòrán tí a fi ọwọ́ yà ni gbogbo rẹ̀. Inú àlọ́ Aesop, ará Gíríìkì àtijọ́, ni a ti mú un.

Ní ìgbà ooru, àwọn èèrà ń kó oúnjẹ jọ. Tata ń ta gòjé òyìnbó, ó ń jó, ó sì gbà pé ọ̀ranyàn ni kí ayé bọ́ òun. Ó tan èèrà kékeré kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́, títí ayaba èèrà fi dé bá wọn. Ayaba kìlọ̀ fún un nípa ìgbà òtútù. Ó ní ó ṣì jìnnà. Ṣùgbọ́n bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Ewé wọ́ dànù, òjò dídì bo ilẹ̀, ara tata sì dà bí aró nítorí òtútù. Ó ṣubú sí ẹnu ọ̀nà àwọn èèrà.

Nínú àlọ́ àtijọ́, èèrà fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì fún un ní nǹkan. Bẹ́ẹ̀ náà ni La Fontaine, ará Faransé, sọ ọ́ ní 1668. Nínú sinimá yìí, àwọn èèrà gbé e wọlé, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ayaba wí pé òṣìṣẹ́ nìkan ni í bá wọn gbé. Nítorí náà, kí ó máa ta gòjé rẹ̀ fún wọn.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni a rí:

Èkíní, èèrà kékeré nì padà sẹ́nu iṣẹ́ nítorí ìbẹ̀rù ayaba. Ṣùgbọ́n èèrà inú Òwe 6:6-8 kò ní alábòójútó, síbẹ̀ ó ń ṣiṣẹ́. Irú èyí ni kí a tọ́ ọmọ sí.

Èkejì, a kì í bá ẹni tí ń kú lọ wí. Ẹ bọ́ ọ ná, kí ẹ tó kọ́ ọ.

Ẹ̀kẹta, kì í ṣe gbogbo ẹni tí ebi ń pa ni ọ̀lẹ. Ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1933, bí ẹnìkan nínú òṣìṣẹ́ mẹ́rin ni kò ríṣẹ́ ṣe, kì í sì ṣe ọ̀lẹ ni ó fà á. Nítorí náà, kí olùkọ́ má ṣe fi àlọ́ yìí dójú ti ọmọ tí ó wá sí ilé ẹ̀kọ́ láìjẹun.

Ìbéèrè fún kíláàsì: Gòjé kan náà ni tata ń ta nígbà ooru àti nígbà òtútù. Èéṣe tí ti àkọ́kọ́ fi jẹ́ ìmẹ́lẹ́, tí ti ìkẹyìn sì jẹ́ iṣẹ́?