Ẹ̀KỌ́ KẸTÀLÁ: ÀPÓTÍ MẸ́TA FÚN OHUN TÍ A KÀ

Ẹ ti mọ̀ ọ́n kà báyìí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa a máa kàwé tán, bí wọ́n bá ní kí a sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ á dàrú mọ́ wa lójú. Obìnrin tó ń pàtẹ ọjà kì í da ata, iyọ̀ àti ẹ̀wà sínú igbá kan. Ẹ jẹ́ kí àwa náà pàtẹ ọ̀rọ̀ ìwé.

Ẹ ka èyí jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì:

Ní àkókò òjò, àrùn kan a máa sọ èso kòkó di dúdú. Ohun kan bí èbu ni ó ń fà á. Ó fẹ́ràn ibi tútù tí afẹ́fẹ́ kì í dé, òjò a sì máa ta á láti ara èso kan sí òmíràn. Àmì kékeré tó pọ́n rúsúrúsú ni a ó kọ́kọ́ rí. Àmì náà á gbòòrò títí gbogbo èso á fi dúdú, tí hóró inú rẹ̀ á bàjẹ́. Kí àgbẹ̀ máa já èso tó ti kó àrùn, kí ó gé ẹ̀ka tó ṣú jù, kí ó ro oko, kí ó sì fín oògùn tí a fi bàbà ṣe.

Ó yá, ẹ mú lẹ́ẹ̀dì. Ẹ ya àpótí mẹ́ta, kí ẹ fi ọfà so wọ́n pọ̀:

[ KÍ NI Ó FÀ Á? Èbu, òjò, ibi tútù ]
↓
[ KÍ NI A RÍ? Àmì kékeré, èso dúdú, hóró bàjẹ́ ]
↓
[ KÍ NI A Ó ṢE? Já èso, gé ẹ̀ka, ro oko, fín oògùn ]

Ẹ má kọ odindi gbólóhùn. Ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì tó.

Ẹ wá fi àpótí kẹta wé ti àkọ́kọ́. Kí ló dé tí a fi ń gé ẹ̀ka? Kí afẹ́fẹ́ lè wọlé ni. Kí ló dé tí a fi ń já èso? Kí òjò má baà ta àrùn sí èyí tó kù ni. Ẹni tó rántí oògùn nìkan, tó fi èso jíjẹrà sílẹ̀ lórí igi, á náwó tán, àrùn á sì máa ràn. Àwòrán yìí kò ní jẹ́ kí ó gbàgbé.

Bí àpótí kan bá ṣófo, ẹ padà sínú ìwé.

IṢẸ́ ILÉ
1. Èwo nínú ohun mẹ́rin inú àpótí kẹta ni ẹ lè ṣe láìná kọ́bọ̀?
2. Ẹ ka ẹ̀kọ́ mìíràn nínú ìwé yìí, kí ẹ ya àpótí tirẹ̀.
3. Ẹ fi àwòrán yín han ará ilé kan, kí ẹ sì ṣàlàyé rẹ̀ láìwo ìwé.